Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí owó ìdógò ọkọ̀ tí mo háyà ní Dubai

Gwarinpa, Abuja.

Ẹ̀yin Alákòóso,

Mo kí yín o. Gbogbo ìwé ọkọ̀ tí mo háyà lọ́dọ̀ yín fún ìsinmi wa ní Dubai wà lọ́wọ́ yín. N kò ní tún un sọ, torí mo ti sọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ọkọ̀ kọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹ̀rọ amúlétutù tó kọṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lójú títì Sheikh Zayed, mo ti fi ìyẹn jì yín. Owó ìdógò mi ni mo ń béèrè, tí ẹ ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la lé lórí. Ọ́fíìsì yín tó wà ní Wuse 2 ní kí n kọ̀wé sí ti Dubai. Dubai ní Abuja ni mo ti sanwó, kí n padà síbẹ̀. Mo padà, wọ́n ní ó di ọwọ́ àwọn àkáǹtì. Àwọn àkáǹtì ní kí n ní sùúrù, wọ́n ń retí owó Salik, ìyẹn owó ibodè ojú ọ̀nà Dubai.

Owó Salik wo? Dirham 4 ni lẹ́nu ibodè kan, tàbí 6 lásìkò tí ọkọ̀ bá pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ ló sì ń yọ ọ́ bí ọkọ̀ bá ṣe ń kọjá. Ẹ yọ iye tí mo jẹ, mi ò jiyàn. Wọ́n tún ní bóyá ìtanràn ọlọ́pàá ń bọ̀. Mo fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò ó lórí ìkànnì àwọn ọlọ́pàá Dubai, kò sí ìtanràn kankan fún àwọn ọjọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e wá fún yín. Nígbà tí mo tún padà wá, ìwé ọ̀hún ni omidan tó ń gbàlejò gbé ife tíì rẹ̀ lé.

Mo kí i, kò dáhùn. Fóònù ló ń tẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè, ó ní: "Màmá, ẹ rówó lọ Dubai, ẹ wá ń torí owó kékeré yìí yọ wá lẹ́nu?" Lójú àwọn oníbàárà, lójú ọmọ mi! Àbíkẹ́yìn mi ju omidan yẹn lọ. Owó ìfẹ̀yìntì tí mo fi òógùn ojú ṣiṣẹ́ fún ní Federal Secretariat ni mo fi kó àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ síbẹ̀. N kò jí i, n kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá yín jáde, ó bẹ̀ mí, ó fi Ọlọ́run búra pé kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, owó á ti wọlé. Mo gbà á gbọ́, mo lọ sílé. Jímọ̀ yẹn kọjá, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ní báyìí kò gbé ìpè mi mọ́. Ó ń ka WhatsApp mi, kò fèsì.

Ẹ san owó mi ní iye tí dirham ń lọ sí náírà lónìí, kì í ṣe iye ìgbà tí mo san án. Kí omidan yẹn sì bẹ̀ mí lójú èèyàn, bó ṣe bú mi lójú èèyàn. Ọjọ́ 7 ni mo fún yín. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti gbèjà oníbàárà, yóò rí gbogbo ìwé yìí. Abuja níbí náà ni olú iṣẹ́ wọn wà. Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ lọ́yà ti ka ìwé àdéhùn wa, ó ti ṣetán láti pè yín lẹ́jọ́.

Ẹ má fi ìpè dá mi lóhùn mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i.

Èmi ni oníbàárà yín.