Ẹ Gbé Linux Wò Kí Ẹ Tó Ta Kọ̀ǹpútà Yín ní Owó Pọ́ọ́kú

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10, ó tó ẹni mẹ́ta ní àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n fẹ́ ta kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn ní owó pọ́ọ́kú, nítorí pé Windows 11 kọ̀ láti wọ inú rẹ̀. Èmi náà ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tà á.

Ubuntu ni mo gbé wò lórí rẹ̀, ọ̀kan lára ẹ̀yà Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bí Windows ti ń ṣe), èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé jáde lọ́dún 2004. (Inú èdè àwọn Zulu àti Xhosa ni orúkọ náà ti wá, kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí.) Ọ̀fẹ́ ni, àfi owó dátà tí a ó fi gbà á wọlé, nítorí ó lé ní gígábáìtì 5.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé iṣẹ́ wọn yóò parẹ́. Bí a bá ti da Ubuntu sórí fúláàṣì, tí a tì í bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tí a sì ní kí ó tibẹ̀ tàn, orí fúláàṣì náà ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, Windows yóò sì wà níbi tó wà. Èmi kàn ṣe àṣìṣe kan: ohun tí mo kọ lọ́jọ́ kìíní pòórá bí mo ti pa á, nítorí n kò tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn. Wi-Fi náà kọ̀ jálẹ̀; okùn fóònù ni mo fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mélòó kan.

Kíbọọ̀dù ló mú mi dúró tì í. Yorùbá wà nínú àtòjọ rẹ̀, lábẹ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Ṣùgbọ́n QWERTY ni, ìyẹn bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń to lẹ́tà sórí kíbọọ̀dù, bẹ́ẹ̀ AZERTY, ìtò ti àwọn Faransé, ló wà lórí kọ̀ǹpútà tiwa níhìn-ín: mo tẹ M, nǹkan mìíràn jáde. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ìka mi tó mọ̀nà. Àwọn tí wọ́n sì kọ́ ìlànà ìkọ̀wé ti Benin, tó ń lo ɛ àti ɔ, kò lè fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún wọn.

Mo ti wá gbé Ubuntu wọ inú kọ̀ǹpútà náà pátápátá. Òun ni mo fi tẹ lẹ́tà yìí, tòun ti àmì ohùn rẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)