Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Bí A Ṣe Ń Béèrè Ìrànlọ́wọ́ Lọ́wọ́ Ará

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi,

Ẹ wo ọkùnrin tó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín òru nínú Lúùkù 11. Ó ní ìṣù àkàrà mẹ́ta ni òun fẹ́ yá. Ó ní àlejò ló ti ìrìn àjò dé bá òun, kò sì sí nǹkan kan nílé tí òun lè gbé síwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sídìí fún un láti béèrè pé "Mélòó lo fẹ́?" tàbí "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Nígbà tó dìde, ó ti mọ ohun tí yóò gbé jáde.

A sábà máa ń fi ibẹ̀ wàásù nípa àdúrà àgbàìsinmi, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ ká wo bí ọkùnrin náà ṣe gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀, nítorí gúrúùpù WhatsApp tí ìjọ dá sílẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Àwọn ẹni tuntun ti ń pọ̀ níbẹ̀, láti Àjàrá, láti Ìbẹrẹ́kò, láti Tòpó, inú mi sì dùn sí i gidigidi. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, oníṣẹ́ iná wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ fóònù tinú tòde wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn. Àárín iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni wọ́n ti ń dáni lóhùn, nígbà míì nínú bọ́ọ̀sì tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú mọ́ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Ó yẹ ká ro ti àwọn náà kí a tó kọ̀wé.

Ẹnì kan á wọlé, á kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o!" Á wá dákẹ́. Àwọn ará á máa bi í pé kí ló dé, ọkàn oníkálùkù á ti fò sókè. Ó máa ń pẹ́ kó tó hàn pé owó tó fi ránṣẹ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí. Ìyà ni irú ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ ranni lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó rí báyìí: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo fi ₦5,000 ránṣẹ́ lórí fóònù ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ yìí. Wọ́n ti yọ ọ́ nínú àkáǹtì mi, ẹni tó ni ín ní òun ò tíì rí i. Mo ti pe báńkì mi, wọ́n ní kí n ní sùúrù di ọ̀la. Ṣé kí n dúró, àbí nǹkan mìíràn wà tí mo lè ṣe?" Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà wa sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Òdodo ni, láàárín àwọn tó ń wojú ara wọn. Ẹni tó wà nídìí fóònù kò rí ojú yín, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló ń bà yín tàbí inú ló ń bí yín, kò sì rí ohun tí fóònù yín kọ sójú. Odindi ọ̀rọ̀ ni kí ẹ sọ fún un. Bí fóònù bá kọ nǹkan tí kò yé yín, ẹ ya àwòrán ojú rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà gan-an, ẹ má kàn sọ pé "ó ń ṣe ràdàràdà."

Nínú gbogbo àwọn tó béèrè nǹkan nínú Bíbélì, Nehemáyà ni mo fẹ́ràn jù. Agbọ́tí ọba Páṣíà ni. Láti ìgbà tó ti gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó ló ti ń gbààwẹ̀, tó ń gbàdúrà, oṣù bíi mẹ́rin sì kọjá kí ọba tó bi í pé kí ló ń fẹ́. Ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ibi tó fẹ́ lọ àti iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó dá ìgbà fún ọba. Ó tọrọ ìwé sí àwọn gómìnà òdìkejì odò kí wọ́n lè jẹ́ kó kọjá, ó sì tọrọ ìwé sí Ásáfù, ẹni tó ń ṣọ́ igbó ọba, fún igi tí yóò fi ṣe ẹnu ibodè, tí yóò fi ṣe odi, tí yóò fi kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé. Ẹ wò ó, ó mọ orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ igbó! Ó ti ṣe ìwádìí tirẹ̀ kó tó la ẹnu. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ fa ojú gúrúùpù sókè, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ti sọ. Ìbéèrè lórí ìforúkọsílẹ̀ JAMB, a ti dá a lóhùn níbẹ̀ láìmọye ìgbà. Bí ẹ bá tẹ "JAMB" síbi tí WhatsApp ti ń wá ọ̀rọ̀, gbogbo èyí tí wọ́n ti kọ láti ìgbà tí ẹ ti wọ gúrúùpù á jáde. Bí ìdáhùn yẹn kò bá wá tó, ẹ béèrè, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti gbìyànjú.

Ìbéèrè náà ló mú ìhìnrere dé ìlú wa yìí. Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n ti Sàró (Sierra Leone) padà wá sí Àgbádárìgì, ni wọ́n kọ̀wé sí Sàró pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn. Oníwàásù ni wọ́n béèrè, oníwàásù náà ni wọ́n rí gbà: ní September 24, ọdún 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ síbí. Gbogbo wa la mọ ibi tí igi Àgíà, igi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù lábẹ́ rẹ̀, wà kó tó wó.

Bí ẹnì kan bá dákú o, tàbí tí ilé ń jó, gúrúùpù kọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ sá lọ. Ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ má sì fi àwòrán káàdì ATM, nọ́ńbà PIN, BVN tàbí NIN yín síbẹ̀, bó ti wù kí ìdààmú pọ̀ tó. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ránṣẹ́ sí òun níkọ̀kọ̀ kí òun lè bá yín ṣe é, olè ni, bó tilẹ̀ ń pe orúkọ Jésù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Jákọ́bù sọ pé Ọlọ́run a máa fi ọgbọ́n fún gbogbo ènìyàn lọ́pọ̀lọpọ̀, kì í sì í bá wọn wí pé wọ́n béèrè. Ta wá ni àwa tí a ó fi sọ fún ẹni tuntun pé "Irú ìbéèrè wo nìyí?" Ẹlòmíràn ti kọ ọ́, ó sì tún pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ní ìgboyà láti fi ránṣẹ́. Bí ìdáhùn bá ti wà lókè, ẹ fi hàn án tìfẹ́tìfẹ́. Ẹni tí Yorùbá kò bá yọ̀ mọ́ lẹ́nu, kó kọ ọ́ lédè Ègùn. Ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ pọ̀ láàárín wa.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá lójú tán, ẹ padà wá sọ fún wa. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni Jésù wò sàn, ẹyọ kan ló padà wá dúpẹ́, Olúwa sì béèrè àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ má sì fi í mọ sórí "ẹ ṣé" nìkan, ẹ sọ ohun tó yanjú rẹ̀, nítorí ẹlòmíràn wà tó ń ka ọ̀rọ̀ náà láìsọ̀rọ̀, ìṣòro kan náà ló sì ní. Bí ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ ìyẹn náà, láìbínú.

Lẹ́yìn ìsìn kejì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé láti kọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa bí a ṣe ń ya àwòrán ojú fóònù àti bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ àtijọ́ nínú gúrúùpù. Ẹ mú fóònù yín dání, kí ẹ sì ti ṣáájì rẹ̀ láti ilé.