Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Èkìtì tí Ẹ Ń Sáré ní Ìdájí

Ẹ̀yin ọmọ mi lọ́kùnrin lóbìnrin,

Mo kí yín, mo kí àwọn òbí yín, mo sì kí gbogbo ọmọ Èkìtì Kete tí lẹ́tà yìí bá bá nílé tàbí lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti bá yín sọ, ó sì dá lórí ohun tí gbogbo wa ń fi ojú rí ní Adó lọ́dọọdún. Bí oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá ti wọlé, tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ lọ́tùn-ún lósì tí wọ́n ń sáré ní ìdájí, tí wọ́n wọ bàtà tuntun, tí wọ́n sì ń ya ara wọn ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti padà sórí ibùsùn. Bí mo bá bi wọ́n léèrè, èsì tí wọ́n sábà máa ń fún mi ni pé, “Bàbá, kò wù mí mọ́ ni.”

Èmi tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì kò gba èsì yẹn wọlé. Àwọn eléré ìdárayá tí òkìkí wọn kàn jù lọ láyé náà ń jí ní ọjọ́ tí ara kọ̀, tí ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, tí ì bá sì dùn mọ́ wọn kí wọ́n fi aṣọ borí sùn. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ “ó wù mí, kò wù mí.” Wọ́n ti ṣètò ọ̀sẹ̀ wọn kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí aago bá lù, kò sí àríyànjiyàn kankan tí wọ́n tún ń bá ara wọn ṣe.

Ẹ wo Eliud Kipchoge, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, tí ó sá eré máratọ́ọ̀nù, èyí tí í ṣe kìlómítà 42.195, ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ní ìlú Vienna ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2019. Wọn kò kà á mọ́ àkọsílẹ̀ ayé nítorí bí wọ́n ṣe ṣètò àwọn tí ń sáré yí i ká, àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ti sá ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí méjì rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ojoojúmọ́ ni ọkùnrin náà ń sáré títí ẹ̀mí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Rárá o. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé òun kì í lo gbogbo agbára òun nígbà ìgbáradì, pé bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni òun ń ná, ó sì lè dín sí i, kí òun lè rí ara lò lọ́la àti lọ́túnla. Ní ibùdó wọn ní Kaptagat, lórí ilẹ̀ gíga tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀ ni, tí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé ni ó tó ń lọ bá ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà fún eré kíákíá lórí pápá, Ọjọ́bọ̀ wà fún eré gígùn tí ó máa ń tó kìlómítà 30 tàbí 40. Bí ó bá kàn án láti fọ ilé ìyàgbẹ́ ibùdó, á fọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olówó ni. Ó sì ní ìwé tí ó ń kọ ohun tí ó ṣe lójoojúmọ́ sí, láti ọdún pípẹ́ wá.

Nínú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù, nítorí pé àìmọ̀wọ̀n ni ó ń lé ọ̀pọ̀ yín kúrò lójú pápá, kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo ti rí ọmọ tí ó kọ́kọ́ jáde ní Ọjọ́ Ajé, tí ó sáré gun òkè títí ó fi bì, tí kò sì lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn di Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti pinnu pé eré sísá kò bá ara òun mu. Irọ́ ni. Iṣẹ́ tí a fi ara ṣe máa ń ṣe iṣan léṣe díẹ̀díẹ̀, oorun àti oúnjẹ ni ó sì ń tún un mọ, tí yóò fi le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá fún ara ní àyè àtúnmọ yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ohun tí ó ń kọ́ ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ líle lónìí, kí ti ọ̀la jẹ́ ẹ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì ń sáré ní ọjọ́ ẹ̀rọ̀ tí ẹ kò lè sọ gbólóhùn kan parí kí èémí tó gé e, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Òkè kò wọ́n wa ní Èkìtì, a ní ti Ẹ̀fọ̀n, a ní ti Ìkẹ̀rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sì ti tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti sáré gùn wọ́n.

Ní ti ìwé kíkọ, ẹ ra ìwé pélébé kan, kí ẹ máa kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi sáré, bí ẹ ṣe sùn àti bí ara ṣe rí. Mo mọ̀ pé fóònù lè ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n orí fóònù yẹn náà ni ẹ ti ń bá eré ẹlòmíràn pàdé, tí tiyín á fi dà bí ohun tí kò jọ nǹkan kan. Àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu kì í tú ebè wò láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti ta. Ẹ kọ ọ́, ẹ pa ìwé dé; nígbà tí oṣù mẹ́ta bá kọjá, ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ ó rí ohun tí dígí kò lè fi hàn yín.

Ìjákulẹ̀ yóò wá, bí ẹ tilẹ̀ mọ ìwọ̀n. Tobi Amusan, ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tí ó ń fo ìdènà nínú eré onímítà 100, ṣe ipò kẹrin nínú ìdíje àgbáyé ní Doha ní 2019, ó tún ṣe ipò kẹrin nínú eré Òlíńpíìkì ti Tokyo ní 2021. Ipò kẹrin korò ju ìkẹjọ lọ, nítorí ẹni tí ó ṣe é fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ kan àmì ẹ̀yẹ. Ní oṣù Agẹmọ 2022, nínú ìdíje àgbáyé ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, obìnrin yìí kan náà sá ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, èyí tí obìnrin kankan kò sá rí, ó sì gba wúrà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀: nínú Òlíńpíìkì ti Paris ní 2024, kò dé àṣekágbá, nínú ìdíje àgbáyé ní Tokyo ní 2025, ó gba fàdákà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ti Paris, mo rí yín o.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ti Adó tún mọ ẹni tí pápá ìṣeré wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Olúyẹmí Káyọ̀dé wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n sáré gbé ọ̀pá fún ara wọn, mítà 100 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, fún Nàìjíríà nínú àṣekágbá Òlíńpíìkì ti Barcelona ní 1992, pẹ̀lú Chidi Imoh, Olapade Adeniken àti Davidson Ezinwa. Ìṣẹ́jú àáyá 37.98 ni wọ́n fi gba fàdákà, 38.00 ni Kúbà tí ó tẹ̀lé wọn sá. Ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó wà láàárín wọn, ta ni ó sì lè sọ èwo nínú àwọn ìdájí tí kò wù wọ́n ni wọ́n ti rí i? Ìjàm̀bá ọkọ̀ mú Káyọ̀dé lọ ní 1994. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé láì mọ̀ ju pé orúkọ pápá ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ di eléré, tí ẹ ń jókòó ní ọ́fíìsì tàbí ní ìsọ̀, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà fi máa ṣe eré ìdárayá níwọ̀nba, ìrìn kánmọ́kánmọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún, ó parí. Àwọn tí ń gbé kóró oògùn kiri tí wọ́n ní yóò lé àárẹ̀ lọ, ẹ sá fún wọn. Bí ẹ bá sì ń sáré lójú títì, ẹ kọ ojú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀, ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀, nítorí pé awakọ̀ tí ń wọ́ kọ́nà òkè wa ní ìdájí kì í tètè rí ènìyàn.

Ó ku ti ẹni tí ó ti fi í sílẹ̀ láti oṣù Ẹrẹ́nà tí ojú ń tì láti padà. Ẹ má ṣe padà sí ibi tí ẹ dé dúró, nítorí pé bí ara bá ti sinmi ju ọ̀sẹ̀ méjì kan lọ, agbára rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀, ẹni tí kò bá sì gbà bẹ́ẹ̀ ni orúnkún ń dá lẹ́jọ́. Ẹ fi ìdajì iye tí ẹ ń sá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìrìn pọ̀ mọ́ eré, ẹ wá ẹnìkan tí yóò máa dúró dè yín ní oríta, kí ẹ sì mú aago àti ọjọ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Èmi ni bàbá yín, olùkọ́ eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì,
Adó-Èkìtì.