Ẹ bi ìyá ọmọ léèrè ní èdè tó gbọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹnì kan kọ̀wé sí yín láti Lugbe lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ ńlá kan sí Abuja níbí, kí wọ́n kó àwọn tó ń rìn kiri títì lọ síbẹ̀. N kò bá a jiyàn. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti pé ẹni ọdún 52, ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Kubwa sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2004. Mo kàn fẹ́ kí ẹni náà mọ̀ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ká mọ́ jù lọ́dọ̀ wa kì í rìn kiri títì. Ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ọkàn wọn ti rẹ̀wẹ̀sì ni wọ́n. Orí bẹ́ǹṣì wa ni wọ́n máa ń wà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gbé ọmọ lé itan, wọ́n mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dání. Tí a bá ní ara wọn ńkọ́, wọ́n á ní, "A dúpẹ́."

Mo ti fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí yín, àmọ́ ẹ dákun, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà kí n sọ ọ́, kò kàn fẹ́ kí ará àdúgbò dá òun mọ̀ ni.

Ètò abẹ́rẹ́ ló ń mú wọn wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, lẹ́yìn náà ó di oṣù mẹ́sàn-án. Yàtọ̀ sí ìgbà tó wà nínú oyún, n kò rò pé ìgbà mìíràn wà láyé obìnrin tó ń rí nọ́ọ̀sì léraléra tó báyìí. A ó wọn ọmọ, a ó gún un lábẹ́rẹ́, a ó kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí i lẹ́nu, a ó kọ ọ́ sínú káàdì. Ìyá ló gbé e wá, ìyá ló máa gbé e lọ, kò sẹ́ni tó jókòó bi í pé ìwọ alára ńkọ́. Lórí káàdì tí à ń lò, kò sí ìlà tí a lè kọ ìdáhùn rẹ̀ sí, bó bá tiẹ̀ sọ ọ́.

Ní 2017, ìyàwó kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ bímọ sọ́dọ̀ wa. Ọkọ rẹ̀ ń wa takisí, yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní Dutse Alhaji. Àkọ́bí wọn ni. Ìyá ọkọ ìbá wá wẹ ọmọ fún un bí wọ́n ti ń ṣe nílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ọ̀nà Lọ́kọ́ja ba mọ́mọ́ lẹ́rù, wọ́n ní kí àwọn dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí síbí: ẹni tó wá wẹ ọmọ kì í wẹ ọmọ nìkan. Òun ló ń ní kí ìyá lọ sùn. Òun ló ń rí i tí oúnjẹ bá ń ṣẹ́kù sínú abọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa ní Abuja ni kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ní orí ń fọ́ òun, ara òun sì ń gbóná nínú. Mo fọwọ́ kàn án, ara tutù. Mo fún un lóògùn ibà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó ní ó dà bíi pé kòkòrò ń rìn nínú orí òun. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà níbẹ̀. Mo fún un ní parasítámọ́ọ̀lù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ọkọ rẹ̀ nìkan ló gbé ọmọ wá. Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú wò ó. Ó dúró títí èrò fi tán, ó wá rọra sọ fún mi pé, "Màmá nọ́ọ̀sì, kì í gbé e mọ́ o. Ó kàn máa ń wò ó ni."

Mo bá a lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé ìbéèrè mẹ́wàá kan wà nínú báàgì mi. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Scotland ló gbé e jáde ní 1987, orúkọ ìlú Edinburgh ni wọ́n fi ń pè é, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ń lò ó fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ń béèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí láàárín ọjọ́ méje tó kọjá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní àmì, láti òdo sí mẹ́ta. Bí àròpọ̀ bá pé 10, kí nọ́ọ̀sì la ojú rẹ̀. Bó bá pé 13, ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ìbéèrè kẹwàá, tó dá lórí pípa ara ẹni lára, kò dúró de àròpọ̀ kankan: bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá ti jẹ́ òdo, a kì í fi ẹni náà sílẹ̀ lọ.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń túmọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ dá lórí ẹ̀rín. Ìyàwó náà ní, "Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí àlejò bá wá." Mo kọ òdo. Ní ìbéèrè kẹfà, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ń wí ni pé ìdààmú pọ̀ ju agbára ẹni lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ dà bí ẹni pé nǹkan gun èèyàn lórí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe gbé e fún un. Mo ní, "Ṣé ó ń ṣe ẹ́ bíi pé nǹkan ń gùn ẹ́ lórí?" Ó ta gìrì lórí bẹ́ẹ̀dì. "Rárá o, Màmá! Nǹkan kan ò gùn mí. Èmi kì í ṣe elégùn, ọmọ ìjọ ni mí." Láti ibẹ̀ lọ, ohun tó rò pé yóò jẹ́ kí n tètè máa lọ ló ń fi dá mi lóhùn. Mo dé ìbéèrè kẹwàá, mo bi í bóyá ó ti wá sí i lọ́kàn rí láti pa ara rẹ̀ lára. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo kọ òdo. Àròpọ̀ jẹ́ 8. Mo bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kó máa bá a gbé ọmọ, mo lọ sílé, mo sì sùn.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá nítorí ohun tó mu. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, n kò mú ìwé kankan dání. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ìyàwó mi, ṣé ayé sú ẹ ni?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tó ti sú mi, Màmá. Ẹ ò bi mí bẹ́ẹ̀ ni."

Kì í ṣe pé n kò kọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn tí mo gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, mo tún lọ kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti dá ètò abúlé sílẹ̀ ní 1954, tí àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn lábúlé ìtòsí, tí wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú. Mo mọ àmì àìsàn. Mo mọ oògùn. Ẹnu tí mo fi béèrè ni kò dára.

Àwọn ìyá wa mọ àbísínwín. Ìyá ọmọ tí kò sùn, tó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, tó ń sọ pé ọmọ òun kì í ṣe ọmọ, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì tó bímọ: gbogbo ilé ló máa mọ̀, wọn á sì gbé e dìde. Òun ló sì ṣọ̀wọ́n, nínú ìyá 1,000 ọ̀kan tàbí méjì ló ń ṣe. Èyí tó pọ̀ jù ú lọ fíìfíì ni ti ẹni tó ń wẹ ọmọ, tó ń fún un lọ́mú, tó ń kí èèyàn, tí inú rẹ̀ sì ti ṣófo. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn là ń pè é nínú ìwé. Láti ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, obìnrin kan kò tíì wọlé wá bá mi pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe òun.

Nítorí náà ni mo ṣe ra ìwé kan, ìwé àwọn ọmọ iléèwé lásán. Ohun tí obìnrin bá sọ ni mò ń kọ síbẹ̀, bó ṣe tẹnu rẹ̀ jáde, láìkọ orúkọ. "Ọkàn mi ò sí nílé." "Ara mi ń ta bí ata." "Àyà mi ń já láìsí ẹni tó lé mi." "Mo ń gbọ́ tí ọmọ ń ké, bíi pé ilé kejì ló ti ń ké." Obìnrin Hausa á ní "yawan tunani", ìrònú àpọ̀jù. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Katsina wo ìbéèrè kẹfà yẹn, ó mi orí. Ó ní bí wọ́n bá tú u ní tààrà sí Hausa, ọ̀rọ̀ "hawa", ìyẹn gígùn, ló máa bá wọn jáde, ohun tí bòrí, ẹ̀mí tí wọ́n gbà pé ó ń gun èèyàn, sì ń ṣe sórí ẹni tó bá mú nìyẹn. Èdè méjì, kòtò kan náà.

Àwọn ará Zimbabwe ti ṣe é gba ọ̀nà mìíràn. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn olùwádìí ibẹ̀ kọ́kọ́ lọ gbọ́ ohun tí àwọn aláìsàn ń fẹnu ara wọn sọ lédè Shona, ọ̀rọ̀ wọn yẹn ni wọ́n sì fi ṣe ìbéèrè 14. Wọn kò tú ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ náà ni kufungisisa, ìrònú àpọ̀jù náà ni. Nígbà tó di 2006, Dókítà Dixon Chibanda kó àwọn ìyá àgbà 14 jọ ní Mbare, ní Harare, ó kọ́ wọn bí a ṣe ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa bá èèyàn tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ jáde ní 2016, ilé ìwòsàn 24, aláìsàn 573, ara àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yá ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé bẹ́ǹṣì ni. Àwa náà ní bẹ́ǹṣì.

Ẹ má sọ pé ilẹ̀ òkèèrè nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn aláboyún tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gan-an ló tọ́jú wọn, dókítà ọpọlọ kọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì gbádùn. Àwọn olùwádìí ní ìbéèrè Edinburgh yẹn ní Yorùbá. Kò kàn tíì dé dúróà tábìlì abẹ́rẹ́ wa ni, nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sì ń tú tirẹ̀ bó bá ṣe wá sí i lẹ́nu, bí mo ti ṣe ní Dutse.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn tó ń ṣàkóso ìlera alábọ́dé ní Abuja fún kò gba ilé ńlá. Kí wọ́n tẹ ìbéèrè náà sórí páálí, ní Yorùbá, ní Hausa, ní Igbo, àti ní Gbagyi, èdè àwọn tó ni ilẹ̀ tí a tẹ̀dó sí. Kí nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè náà dénú jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá, kí wọ́n dán ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Lẹ́yìn náà kí ẹlòmíràn tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí a lè rí ibi tó ti yí padà. Kí wọ́n sì fi ìlà méjì fún ìyá sórí káàdì ọmọ.

Mo mọ̀ pé wọn yóò ní àyè dà. Òótọ́ ni, nọ́ọ̀sì méjì ló máa ń wà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wa, ìyá a sì máa lé ní 60. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi gbogbo wọn ní ìbéèrè méjì péré nígbà tí mo bá ń wọn ọmọ: ṣé oorun ń kùn ọ́ tí ọmọ bá sùn, ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọ. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá kọ mí lóminú ni mo ń ní kó dúró dìgbà tí èrò bá lọ. Díẹ̀ nínú wọn ló nílò kí n kọ̀wé fún wọn lọ sí Gwagwalada, níbi tí dókítà ọpọlọ wà. Ìyẹn náà kò rọrùn: láti Kubwa dé Zuba, láti Zuba dé Gwagwalada, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, owó ọkọ̀ nìkan ti tó lé ẹlòmíràn padà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn olùkọ́ nọ́ọ̀sì. Láti 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì gboyè, yunifásítì mìíràn sì ti pọ̀ báyìí. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe ìwádìí kó tó jáde. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á di páálí mọ́ ọn, á di ẹrù orí pẹpẹ. Ẹ rán díẹ̀ nínú wọn sí wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó tì wá lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, kí wọ́n kọ ohun tí ìyá ń wí, ní èdè tó fi wí i. Ìwé mi kò tíì kún, mo sì fẹ́ fẹ̀yìn tì.

Bí ìyá àgbà kan bá wà nílé ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ bá mi bi wọ́n ohun tí wọ́n ń pe ìyá ọmọ tí kò ya wèrè, tí kò ṣàìsàn, tí kò kàn rẹ́rìn-ín mọ́ lẹ́yìn ìkómọ. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Olóòtú, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde níbí.

Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì báyìí, ọmọ rẹ̀ sì ti ń ka ìwé fún un. Lọ́dún tó kọjá, mo mú ìbéèrè mẹ́wàá náà lọ bá a, ní Yorùbá tí èmi tún ṣe, mo ní kó bá mi wò ó. Ó fa igi lé kẹfà. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Ṣé ẹrù yìí ò ti wúwo jù fún ẹ báyìí?" Òun ni mò ń lò.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì kan, Kubwa, Abuja.