Ẹ má dá ọbẹ̀ Bàbá sè lọ́tọ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dáa gan-an, àmọ́ ẹni tára ẹ̀ ò yá nìkan lẹ ń bá wí níbẹ̀, kó dín iyọ̀ kù, kó máa rìn, kó jáwọ́ nínú ọtí. Àwa tó kù nínú ilé ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ n'Ìbàdàn níbí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: wọ́n á se ọbẹ̀ Bàbá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́tọ̀ nínú ìkòkò kékeré, ìyá àtàwọn ọmọ á máa jẹ tiwọn tí iyọ̀ àti magí ti pa, mínírà á kún fíríìjì, wọ́n á wá ní kí Bàbá má wo apá ibẹ̀. Ta ló lè ṣe é? Kò ní pẹ́ tí Bàbá á fi máa yọ́ lọ ṣí ìkòkò ńlá lóru, wọ́n á ní ọ̀kánjúwà ń dà á láàmú. Ọ̀kánjúwà kọ́ o, wọ́n ń foúnjẹ jẹ ẹ́ níyà ni.

Èrò tèmi ni pé kí gbogbo ilé máa jẹ nínú ìkòkò kan náà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní iyọ̀ tí àgbàlagbà, kódà èyí tára ẹ̀ le, máa jẹ lójúmọ́ ò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń po tíì kan, tàwọn ọmọdé tún kéré síyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú magí tí à ń jù sọ́bẹ̀ ní mẹ́ta mẹ́rin ká tó tún wá bu iyọ̀ lé e, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀. Irú, ata rodo, àlùbọ́sà àti edé tó láti mú ọbẹ̀ dùn (irú tí wọn ò fiyọ̀ sí ni mò ń sọ o, torí àwọn tó ń tà á míì máa ń wọ́n iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́). Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ yínmú, ó máa mọ́ wọn lára.

Ẹ má sì bá mi sọ pé àmàlà ló ń pa èèyàn. Àmàlà ò ṣẹ ẹnì kankan, ẹ dín òkèlè kù kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ wá já ewédú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, ọmọ tó bá bó ẹ̀wà kì í sọ pé òun ò jẹ ẹ́. Ní ti mínírà, ọdún 2022 nìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan káwọn èèyàn lè dín mímu ẹ̀ kù, ẹ lọ síbi bọ́ọ̀dé ọmọdé kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni tiẹ̀ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá wá ńkọ́. WHO yìí kan náà ní ọmọ ọdún 5 sí 17 gbọ́dọ̀ máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 sáré ṣeré lójúmọ́, àgbàlagbà 150 lọ́sẹ̀. Kò gba jíìmù. Ẹkùn mẹ́ran ti tó, okùn fífò ti tó, kí bàbá tó ń gun ọ̀kadà láti jọ́ńṣọ̀n dé ilé sọ̀ kalẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn ín, káwọn ọmọ lọ pàdé ẹ̀.

Ibi tí a ti máa ṣe é gan-an ni ìṣòro. Ní Mọ́níyà níbí, tírélà ló ni ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́, títì àdúgbò ò ní ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn, pápá ilé ìwé ìjọba tó tẹ́jú rẹrẹ ni wọ́n sì ń fi kọ́kọ́rọ́ tì láti ọ̀sán Fráídè títí di àárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ̀yin olóòtú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa bi àwọn alága káńsù léèrè ìdí ẹ̀. Kí wọ́n kàn ṣí i fún wa láàárọ̀ Sátidé àti nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, àwa òbí á dúró ti àwọn ọmọ wa, a ó sì gbá ibẹ̀ ká tó lọ.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà, Ìbàdàn