Àbẹ̀ní, Wo Ọ̀nà Tí Mellody Hobson Gbà

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

O ní irú iṣẹ́ tí Mellody Hobson ń ṣe lo fẹ́ ṣe. Ó dára, àmọ́ ipò alága tó dé ní Starbucks, ilé iṣẹ́ kọfí ńlá ti Amẹ́ríkà, ni mo rí i pé ojú rẹ wà. Ohun tó ṣe kó tó débẹ̀ ni kó o wò.

Ìgbà tó ṣì wà ní Yunifásítì Princeton ló ti kọ́ṣẹ́ ní Ariel Investments, ilé iṣẹ́ tó ń fi owó àwọn èèyàn dókòwò fún wọn, ní Chicago. Ó jáde ní 1991, ó sì gba iṣẹ́ síbẹ̀. Ó di ààrẹ ilé iṣẹ́ náà ní 2000. Ọdún 2019 ló tó di ọ̀gá àgbà, òun àti John Rogers tó dá a sílẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń ṣe é. Àwòrán ìjàpá ni àmì wọn. Kì í ṣe ọkọ Yánníbo tiwa o. Èyí tó ń rọra rìn ni.

Ìpín ilé iṣẹ́ tí iye rẹ̀ lọ́jà kò tó ohun tó yẹ kó jẹ́ ni wọ́n ń rà, wọn á sì dúró fún ọdún púpọ̀. Kó o tó lè mọ èyí, o gbọ́dọ̀ mọ ìwé ìṣirò owó kà. Má bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀gá àgbà ti ń kí àwọn onípìn-ín. Lọ tààrà síbi tí wọ́n kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí. Bí èrè bá ń pọ̀ lọ́dọọdún, tí owó tó wọlé gan-an kò pọ̀, bóyá àwìn ni wọ́n ń tà, tàbí ọjà ti há sílé ìkẹ́rù. Lẹ́yìn náà, wo ọdún tí gbèsè wọn máa pé. Ilé iṣẹ́ tó ń jèrè lè kú bí gbèsè bá pé lọ́dún tí báńkì kò yáni lówó.

Ní 2008, owó tí wọ́n ń bá àwọn èèyàn dókòwò nínú Ariel Fund já wálẹ̀ ní nǹkan bíi 48%. Lọ́dún kejì, ó gòkè ní nǹkan bíi 63%. Ẹni tó bá yára sọ̀rọ̀ á ní èrè ti dé. Irọ́ ni: $100 ti di $52, 63% lórí $52 kò sì ju kó di $85 lọ. Kó tó padà di $100, ó gbọ́dọ̀ gòkè ní 92%. Irú àkókò yẹn ni àwọn oníbàárà ń gba owó wọn padà, tí wọ́n á sì fipá mú ọ tà nígbà tí ọjà pọ́ọ́kú jù. Nítorí náà, kó o tó rà, kọ ìdí tó o fi ń rà á sílẹ̀, kó o sì kọ ohun tó máa mú ọ tà á. Bí kò bá sí lórí ìwé, ẹ̀rù ni yóò máa pinnu fún ọ.

Ní ti Starbucks, 2005 ló wọ ìgbìmọ̀ olùdarí, 2021 ló di alága, ó sì kúrò nípò náà ní 2024. Alága yàtọ̀ sí ọ̀gá àgbà. Ìgbìmọ̀ ló ń yan ọ̀gá àgbà, ló ń dá owó oṣù rẹ̀, ló sì lè lé e. Kì í bá a ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Bó o bá wọ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ka ìwé ìpàdé tán kó o tó wọlé. Bá àwọn ayẹ̀wé-owó-wò sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀gá àgbà kò sí. Ohun tó o bá sì gbọ́ níbẹ̀, má fi ra ìpín, má fi tà á. Ẹ̀wọ̀n ni ní Amẹ́ríkà.

Ìwé ìṣirò Starbucks ti 2021 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Wá gbèsè tó máa pé lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún tó tẹ̀ lé e, kó o fi ránṣẹ́ sí mi.

Ìyá rẹ