Ọ̀rọ̀ Ìmáàmù: Olúwa Ìràwọ̀ Tó Ń Tàn Jù

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, as-salāmu ʿalaykum.

Ẹni tó bá ń bá wa kí àṣàmù, ìrun alẹ́ oṣù Ramadan, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yóò gbọ́ Súrà An-Najm láìpẹ́. Tí a bá dé ẹsẹ 49, kí ó tẹ́tí. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti sọ pé Òun náà ni Olúwa Ṣíírà. Ìràwọ̀ ni Ṣíírà. Òun làwọn onímọ̀ sánmà ń pè ní Sirius, kò sì sí ìràwọ̀ mìíràn lóru tó tàn tó o lójú wa. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun ni Ọlọ́run dárúkọ? Àwọn onítafúsíírì, àwọn tó ń túmọ̀ Àlùkùránì, sọ pé kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn Lárúbáwá kan, àwọn ẹ̀yà Khuzāʿah pàápàá, ń sìn ín. Ọlọ́run ń sọ fún wọn pé ohun tí ẹ ń forí balẹ̀ fún yìí, ó ní Olúwa tirẹ̀.

Ọyẹ́ ti ká, òṣùpá náà sì ti ń pẹ́ yọ báyìí. Bí a bá jáde lẹ́yìn àṣàmù, tí wọ́n bá ti mú iná lọ (wọn kì í sì í pẹ́ mú un lọ), ojú sánmà Òṣogbo á dúdú bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Ẹ kọjú sí gábàsì bí ẹni fẹ́ kírun, kí ẹ wá gbójú sókè sí ọwọ́ ọ̀tún tó fà sẹ́yìn díẹ̀. Ìràwọ̀ funfun kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀, nígbà mìíràn ẹ ó tilẹ̀ rí pupa àti búlúù lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ayé wa ló ń fa ìyẹn. Ṣíírà nìyẹn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níhà gúúsù, ni Suhaylu wà, tí wọ́n ń pè ní Canopus, òun ló ṣìkejì nínú títàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ní Yúróòpù kì í rí Suhaylu nílé wọn láéláé, torí kì í yọ lọ́dọ̀ wọn. Àwa ń rí i láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ má fi Àgùàlà, tí wọ́n ń pè ní Venus, pè é o. Àgùàlà ń tàn ju Ṣíírà lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìràwọ̀. Ayé mìíràn ni, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń dá padà. Ìrọ̀lẹ́ níhà ìwọ̀ oòrùn tàbí ìdájí níhà ìlà oòrùn la ti ń rí i, kì í dé àárín sánmà lóru. Àwọn bàbá wa ti kíyè sí i tipẹ́: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni.

Ṣíírà súnmọ́ wa. Ìmọ́lẹ̀, tó ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ń lo ọdún 8.6 kó tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ibí. Ọmọ tí a sọ lórúkọ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ alẹ́ òní gbéra ti wà nílé-kéwú báyìí. Ti Suhaylu tó nǹkan bí 310 ọdún. Èyí tí ẹ ó rí lónìí ti lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lójú ọ̀nà kí ogun Ìbàdàn àti ti Ìlọrin tó pàdé ní Òṣogbo níbí, ní nǹkan bí 1840. Suhaylu gan-an ló ní ìmọ́lẹ̀ jù: nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ti oòrùn, nígbà tí ti Ṣíírà jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 25. Jíjìn ló sọ ọ́ di igbákejì.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù rèé. Ní 1844, Friedrich Bessel, onímọ̀ sánmà ará Jámánì, ṣàkíyèsí pé ìrìn Ṣíírà kò gún, pé nǹkan kan ń fà á. Ní 1862, Alvan Graham Clark ń dán awò tuntun tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ wò ní Amẹ́ríkà, ó sì rí ohun tó ń fà á: ìràwọ̀ kékeré kan tí kò tóbi ju ayé wa lọ, tó sì wúwo tó oòrùn. Òun àti Ṣíírà ń yí ara wọn ká, nǹkan bí 50 ọdún ni wọ́n fi ń yí i tán. Àwọn Khuzāʿah ń sìn ín, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé méjì ni.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Àwọn kan wà láàárín wa tó wé láwàní, tí wọ́n á tẹ yanrìn fún ìyá ọlọ́jà, tí wọ́n á ní ìràwọ̀ ọmọ rẹ̀ ti ṣókùnkùn, pé ẹnìkan nínú ẹbí ló gbà á, kó mú àgbò àti owó wá kí wọ́n bá a gbà á padà. Wọ́n ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé dọ̀tá. Ẹ bi wọ́n pé ìràwọ̀ wo? Kí wọ́n jáde síta, kí wọ́n nawọ́ sí i.

Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kan ní Hudaybiyyah, nítòsí Mẹ́kà. Nígbà tí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kírun àsùbáà tán, ó kọjú sí àwọn èèyàn, ó sọ ohun tí Olúwa rẹ̀ wí: ẹni tó bá ní oore àti àánú Ọlọ́run ló rọ òjò fún wa, ó gbà Mí gbọ́, ó sì kọ ìràwọ̀. Ẹni tó bá ní ìràwọ̀ báyìí ló rọ̀ ọ́, ó kọ̀ Mí, ó sì gba ìràwọ̀ gbọ́. Zayd ọmọ Khālid, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, ló gbà á wá. Àgbẹ̀ tó ń fi yíyọ ìràwọ̀ mọ àsìkò oko kò ṣẹ̀ o. Àkókò lòun ń kà, Àlùkùránì náà sì sọ pé a fi ìràwọ̀ ṣe amọ̀nà fún wa nínú òkùnkùn ilẹ̀ àti ti òkun. Ẹni tó ń bẹ ìràwọ̀, tàbí tó ń sanwó kí wọ́n bá a bẹ̀ ẹ́, ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ẹni tó bá ti kó owó fún irú ààfáà bẹ́ẹ̀ nínú oṣù yìí, kó wá rí mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Èmi fúnra mi ni n ó tẹ̀lé e lọ gbà á.